Bí A Ṣe Tọ́jú Ẹ́ńjìnnì Ọkọ̀ Ojú Omi De Òtútù ní Barking

A mọ̀ pé bí ẹlòmíràn bá rí àkọlé yìí, yóò fẹ́ ṣí ojú ewé tí ó kàn, yóò ní, “Èwo ni ti ẹ́ńjìnnì ọkọ̀ ojú omi, nígbà tí owó ilé ìwé kò tíì pé lọ́wọ́ mi?” Ẹ jọ̀wọ́, ẹ fara balẹ̀ díẹ̀. Púpọ̀ nínú wa tí a ń gbé ní Barking àti Dagenham ni a ń gba orí odò Roding kọjá lójoojúmọ́ tí a kì í bojú wo ìsàlẹ̀. Ọkọ̀ wà níbẹ̀ tí àwọn ènìyàn fi ṣe ilé, nítorí owó ilé ní Lọ́ńdọ̀nù ti kọjá ohun tí ọwọ́ ń tó. Ẹnì kan nínú ẹgbẹ́ wa náà ń gbé níbẹ̀, ọ̀rọ̀ rẹ̀ ni ó sì mú wa kọ èyí.

Ẹ̀gbọ́n wa ni. Ó ti wà nínú ẹgbẹ́ kí púpọ̀ nínú wa tó dé ìlú òyìnbó rárá. Ọdún méje ni ó fi ṣe iṣẹ́ alẹ́ kí ó tó kó owó jọ ra ọkọ̀ àlòkù kan. Inú rẹ̀ ni ó ń sùn, inú rẹ̀ náà ni ó ti ń kọ ìwé oyè ọ̀mọ̀wé rẹ̀. Ní oṣù kẹwàá tí ó kọjá, ìròyìn dé láti Ẹ̀pẹ́ pé bàbá rẹ̀ ti dolóògbé. Òun sì ni dáódù. Ó di dandan kí ó lọ sí ilé, kì í sì í ṣe ìrìn ọ̀sẹ̀ kan. Ìsìnkú wà níbẹ̀, ọ̀rọ̀ ilẹ̀ wà níbẹ̀, àwọn àbúrò tí kò tíì jáde ilé ìwé wà níbẹ̀. Kò lè padà kí ó tó di oṣù kẹta. Ìtumọ̀ rẹ̀ ni pé ọkọ̀ náà yóò wà lórí omi láìsí ènìyàn, láìsí iná, láti oṣù kọkànlá títí dé òpin oṣù kejì, bẹ́ẹ̀ ni oṣù wọ̀nyí gan-an ni òtútù ń pa ẹ́ńjìnnì.

Ó pe àwọn tí ń tún ọkọ̀ ṣe. Iye tí wọ́n dá lé e ju owó oúnjẹ oṣù méjì lọ, owó ọkọ̀ òfurufú sì ń bẹ níwájú. Ó yíjú sí wa, ó ní, “Ẹ̀yin tí ẹ ń kà nípa ẹ̀rọ, kí ni wọ́n ń kọ́ yín níbẹ̀ gan-an?” A ní, “Ẹ̀gbọ́n, ẹ fi sílẹ̀ fún wa.” Ẹni mẹ́ta ni wá, ọ̀kan ṣoṣo ni ó sì ń ka iṣẹ́ ẹ̀rọ nínú wa. Èkejì ń ka ìtàn, ẹ̀kẹta ń ka ìmọ̀ òfin. Ṣùgbọ́n a ní ìwé tí ó bá ẹ́ńjìnnì náà wá, a sì ní bàbá àgbà òyìnbó kan tí ọkọ̀ rẹ̀ so mọ́ ẹ̀gbẹ́ ti ẹ̀gbọ́n, tí ó ti ń ṣe iṣẹ́ yìí fún ara rẹ̀ láti ọdún gbọọrọ.

Kí ni òtútù ń ṣe fún ẹ́ńjìnnì ná? Ohun púpọ̀ láyé ni ó máa ń sún kì bí ó bá tutù. Omi kò rí bẹ́ẹ̀. Bí omi bá dì ní 0°C, ńṣe ni ó ń fẹ̀ sí i, ní nǹkan bí ìdá 9 nínú 100. Ẹni tí ó bá ti fi ìgò mínírà sínú fírísà rí tí ó sì gbàgbé rẹ̀ mọ́jú mọ ohun tí à ń wí. Irin tí wọ́n dà ni wọ́n fi ń ṣe búlọ́ọ̀kù ẹ́ńjìnnì, irin bẹ́ẹ̀ kò sì mọ bí a ti ń nà. Sísán ni ó ń sán. Èyí tí ó burú jù níbẹ̀ ni pé lọ́jọ́ tí ó bá sán, olówó rẹ̀ kò ní mọ̀. Yìnyín fúnra rẹ̀ ni yóò dí ojú ibi tí ó sán. Ìgbà tí oòrùn oṣù kẹta bá yọ, tí yìnyín sì yọ́, ni omi yóò ṣẹ̀ṣẹ̀ máa ṣàn sínú ọ́ìlì. Bí ó bá sì jẹ́ pé ibi tí ó so mọ́ odò gan-an ni ó sán, omi odò yóò máa wọlé díẹ̀díẹ̀ títí ọkọ̀ yóò fi rì síbi tí wọ́n so ó mọ́.

Àwọn kan á ní omi iyọ̀ ni omi Barking Creek, pé iyọ̀ kì í jẹ́ kí omi dì. Òótọ́ ni pé omi òkun máa ń tutù dé nǹkan bí -1.9°C kí ó tó dì. Ṣùgbọ́n àdàlù ni ti Roding: òkun ń gun odò Thames wá, odò Roding náà sì ń gbé omi òjò bọ̀ láti ilẹ̀ Essex. Bí òjò bá pọ̀, iyọ̀ inú rẹ̀ kò tó nǹkan. Ẹni tí ó bá sì wà ní Lọ́ńdọ̀nù ní oṣù kejìlá ọdún 2010, tàbí nígbà tí afẹ́fẹ́ ìlà-oòrùn gbé yìnyín dé ní òpin oṣù kejì ọdún 2018, kò ní fi ẹ́ńjìnnì ta tẹ́tẹ́ nítorí ìwọ̀n ìba iyọ̀ bẹ́ẹ̀.

Ohun kan pa wá lẹ́rìn-ín nígbà tí ẹni tí ń ka ìtàn nínú wa lọ wo ìwé. Ní Barking yìí kan náà, àwọn ènìyàn kan wà láyé àtijọ́ tí wọ́n ń fẹ́ kí omi dì. Ní ọ̀rúndún kọkàndínlógún, ìlú apẹja ni Barking. Ọkọ̀ ẹja ìdílé Hewett, tí wọ́n ń pè ní Short Blue nítorí àsíá búlúù wọn, jẹ́ ọ̀kan nínú èyí tí ó tóbi jù lọ ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Kí ẹja má baà bàjẹ́ láti òkun dé ọjà Lọ́ńdọ̀nù, yìnyín ni wọ́n ń kó sí i. Àwọn àgbẹ̀ etí odò á jẹ́ kí omi bo oko wọn nígbà òtútù; bí ó bá dì, wọ́n á fọ́ ọ, wọ́n á kó o lọ tà, a ó sì tọ́jú rẹ̀ sínú ilé tí wọ́n kọ́ fún un di ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn. Nígbà tí ọkọ̀ ojú irin dé àwọn ìlú etí òkun ní ìlà-oòrùn, ẹja kò nílò láti gba Barking mọ́, iṣẹ́ náà sì ṣí lọ. Omi dídì tí ó bọ́ àwọn baba wọn nígbà náà ni à ń sá fún báyìí.

Ohun kejì ni ti ẹ́ńjìnnì náà fúnra rẹ̀. Nígbà tí a nu ìdọ̀tí ara rẹ̀ kúrò, orúkọ Ford ni a bá lára irin. Ilé iṣẹ́ Ford ní Dagenham bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní ọdún 1931. Àwọn obìnrin 187 tí ń rán àga mọ́tò níbẹ̀ ni wọ́n da iṣẹ́ sílẹ̀ ní ọdún 1968 nítorí owó tí kò dọ́gba, ìjà náà sì wà lára ohun tí ó bí òfin owó-iṣẹ́ dọ́gba ti ọdún 1970. Mọ́tò tí wọ́n tò níbẹ̀ ju mílíọ̀nù mẹ́wàá lọ kí wọ́n tó dáwọ́ mọ́tò títò dúró ní ọdún 2002, tí wọ́n wá gbájú mọ́ ẹ́ńjìnnì dísù. Àwọn ilé iṣẹ́ mìíràn a máa ra ẹ́ńjìnnì dísù Ford, wọn a sọ ọ́ di ti ọkọ̀ ojú omi. Bàbá àgbà òyìnbó náà ní kò sí ibi tí ẹ́ńjìnnì ẹ̀gbọ́n ti lè wá ju ọ̀nà máìlì díẹ̀ sí ibi tí ó wà yìí lọ. Ẹ jẹ́ kí a padà sí iṣẹ́.

Iṣẹ́ yìí kò ṣe é ṣe nígbà tí ó bá wù yín. Odò Roding ní Barking ń kún, ó sì ń fà. Bí ó bá fà tán, ẹrọ̀fọ̀ ni ọkọ̀ ń jókòó lé. Ẹni tí ó bá tan ẹ́ńjìnnì nígbà náà, ẹrọ̀fọ̀ ni pọ́ńpù rẹ̀ yóò fà mu. Nítorí náà, a wo ìwé tí ń sọ wákàtí tí omi ń kún, a sì dé ibẹ̀ ní aago méje àárọ̀ ọjọ́ Sátidé, òtútù ń bù wá jẹ, ẹ̀gbọ́n sì ti se tíì àti ẹ̀wà dè wá. (Ẹ̀wà náà nìkan tó ohun tí a lè torí rẹ̀ wá.)

A tan ẹ́ńjìnnì, a jẹ́ kí ó gbóná dáadáa. Ọ́ìlì tútù nípọn, kì í fẹ́ jáde. Èyí tí ó bá gbóná ń ṣàn, ó sì ń kó ìdọ̀tí lọ. Àwọn kan máa ń dúró di ìgbà tí ọyẹ́ bá lọ kí wọ́n tó pààrọ̀ ọ́ìlì, pé kí ni a ń fi ọ́ìlì tuntun sílẹ̀ fún láìlò? Àwa kò gbà pẹ̀lú wọn. Èéfín epo tí ó ti jóná máa ń fi omi àti ásíìdì sínú ọ́ìlì àtijọ́; bí ó bá wà bẹ́ẹ̀ fún oṣù mẹ́rin, irin ni yóò máa jẹ lábẹ́lẹ̀. Àyè kò sí lábẹ́ ẹ́ńjìnnì ọkọ̀ láti tú nọ́ọ̀tì ìsàlẹ̀ bí ti mọ́tò, nítorí náà ihò géèjì ọ́ìlì ni a gbà fi pọ́ńpù ọlọ́wọ́ fa á sókè. A pààrọ̀ fílítà ọ́ìlì. A da ọ́ìlì tuntun sí i. Ọ́ìlì dúdú tí a fà jáde, inú gálọ́ọ̀nù ni a rọ ọ́ sí, a sì gbé e lọ sí ibi tí ìjọba yà sọ́tọ̀ fún irú rẹ̀.

Lẹ́yìn èyí ni ọ̀rọ̀ epo. Inú táńkì tí kò kún, afẹ́fẹ́ ni ó wà lókè epo. Ọ̀rinrin afẹ́fẹ́ náà yóò di omi lára irin ní òru tí ó bá tutù, omi náà yóò sì rì sí ìsàlẹ̀. Dísù tí a ń rà nílẹ̀ yìí, wọ́n máa ń pò epo tí ó ti ara ewéko wá mọ́ ọn, irú epo bẹ́ẹ̀ sì fẹ́ràn omi ju ti ìṣáájú lọ. Níbi tí omi àti dísù ti pàdé ni àwọn kòkòrò tí ojú kò rí ti ń hù, tí wọ́n ń di nǹkan dúdú bí ilá tí ó ṣá tí ó sì ń yọ̀, tí yóò dí fílítà pa. Ohun tí a ṣe ni pé a rọ epo sí táńkì títí ó fi fẹ́rẹ̀ẹ́ kún, a da oògùn tí ń pa kòkòrò náà sí i ní ìwọ̀n tí ara ìgò sọ, a sì pààrọ̀ fílítà epo méjèèjì. Inú fílítà àkọ́kọ́ ni a ti bá omi tó ṣíbí ìjẹun mẹ́ta. Ẹ̀gbọ́n wò ó, kò sọ̀rọ̀.

Nísinsìnyí, omi, tí í ṣe olórí gbogbo rẹ̀. Kì í ṣe omi kan ṣoṣo ni ó wà nínú irú ẹ́ńjìnnì yìí. Omi mímọ́ kan ń yí nínú búlọ́ọ̀kù, kì í jáde, bí ti mọ́tò tí ó ní rédíétọ̀. Omi odò ń gba inú páìpù wẹ́wẹ́ kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ó ń gba ooru lọ́wọ́ rẹ̀, ó sì ń bá ẹnu sàlẹ́ńsà jáde. Ẹni tí ó bá tọ́jú ọ̀kan tí ó fi èkejì sílẹ̀ kò ṣe nǹkan kan. Ti omi mímọ́ kò le: antifreeze ni wọ́n ń pò mọ́ ọn, bí ó bá jẹ́ ààbọ̀ omi, ààbọ̀ antifreeze, kò ní dì títí dé nǹkan bí -37°C, òtútù tí Barking kò rí rí. A fi ohun èlò kékeré tí wọ́n fi ń dán an wò fa díẹ̀ nínú rẹ̀, ó sì dára.

Ti omi odò ni ó gba wákàtí méjì. Táàpù ńlá kan wà ní ìsàlẹ̀ ọkọ̀ tí omi odò ń gbà wọlé, seacock ni àwọn ọlọ́kọ̀ ń pè é. A pa ẹ́ńjìnnì, a ti táàpù náà, a tú họ́ọ̀sì tí ó wà lórí rẹ̀, a sì ki ẹnu họ́ọ̀sì náà bọ inú báàkẹ́ẹ̀tì omi mímọ́. A tan ẹ́ńjìnnì. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í mu omi báàkẹ́ẹ̀tì bí ẹṣin, ẹnì kan sì ń bu omi sí i láìdáwọ́ dúró, títí ẹrọ̀fọ̀ àti iyọ̀ inú páìpù fi ṣàn tán. Nígbà tí ó ṣe, a fi antifreeze rọ́pò omi. Oríṣi méjì ni ó wà, ẹ jọ̀wọ́ ẹ fi sọ́kàn. Èyí tí wọ́n fi ethylene glycol ṣe dùn lẹ́nu, májèlé gidi sì ni: ajá tí ó bá lá a yóò kú, ọmọdé náà kò gbọdọ̀ tọ́ ọ wò. Èyí tí wọ́n fi propylene glycol ṣe kò léwu tó bẹ́ẹ̀, òun sì ni a lò fún ojú ọ̀nà omi odò. Síbẹ̀, ẹnì kan na báàkẹ́ẹ̀tì sí ẹnu sàlẹ́ńsà láti gbe é, kí ó má baà dà sínú odò tí ẹja ń gbé. Nígbà tí a rí i pé àwọ̀ ohun tí ń jáde ti di ọ̀kan náà pẹ̀lú èyí tí ń wọlé, a pa ẹ́ńjìnnì kí báàkẹ́ẹ̀tì tó gbẹ. Kíkí tí a ki ẹni tí ń ka òfin sí ẹ̀yìn ọkọ̀ pẹ̀lú báàkẹ́ẹ̀tì, ó ní òun yóò kọ̀wé ẹ̀sùn.

Àwa Yorùbá fẹ́ràn láti máa tún ìgò lò. Ẹ má ṣe rọ antifreeze tí ó bá kù sínú ìgò mínírà tàbí ti ọtí, ì báà jẹ́ fún ọjọ́ kan. Ó jọ ọsàn òyìnbó lójú ẹni tí òùngbẹ ń gbẹ.

Bàbá àgbà òyìnbó náà béèrè ìdí tí a kò fi kàn fa omi jáde kí a fi ẹ́ńjìnnì sílẹ̀ ní gbígbẹ. Àwọn mìíràn ń ṣe bẹ́ẹ̀, kò sì burú fún ẹ́ńjìnnì kékeré. Ṣùgbọ́n ìpẹ́ta máa ń dí ihò nọ́ọ̀tì tí a ń tú. Ẹ ó rò pé omi ti tán, bẹ́ẹ̀ ni ó fi ara pamọ́ sí kọ̀rọ̀. Bí ẹ bá fẹ́ gba ọ̀nà yẹn, ẹ fi wáyà tọ ihò náà títí yóò fi dá yín lójú.

Inú pọ́ńpù omi odò ni àjẹ̀ rọ́bà kékeré kan wà, impeller ni orúkọ rẹ̀. Bí ó bá ká sí ojú kan fún oṣù mẹ́rin, ó lè gan bẹ́ẹ̀. A yọ ọ́, a fi gíríìsì díẹ̀ pa á, a dè é mọ́ kọ́kọ́rọ́ ẹ́ńjìnnì pẹ̀lú okùn. Kò sí ẹni tí yóò tan ẹ́ńjìnnì láìrí i. A tún fi àkísà tí a rẹ sínú ọ́ìlì dí ẹnu sàlẹ́ńsà àti ibi tí afẹ́fẹ́ ń gbà wọ ẹ́ńjìnnì, kí ọ̀rinrin má baà wọlé, a sì kọ ọ́ sórí páálí tí a so mọ́ kọ́kọ́rọ́ náà: “Àkísà wà ní ojú méjì.”

Bátìrì tí ó kún kò ní dì ní irú òtútù tí Lọ́ńdọ̀nù ń mú. Èyí tí ó ti tán lè dì ní ìwọ̀n díẹ̀ sí ìsàlẹ̀ 0°C, kí ikùn rẹ̀ sì fọ́. A tú méjèèjì, a gbé wọn lọ sí ilé wa, a sì ń fi iná sí wọn lóṣooṣù.

Ọkọ̀ pẹ́pẹ́fúrú tí ẹ̀gbọ́n fi ń dé èbúté ní ẹ́ńjìnnì ẹ̀yìn kékeré, oníbẹntiróòlù. Èyí yàtọ̀ díẹ̀, òun náà ni ó sì jọ ti àwọn ará wa ní ọ̀sà Èkó, láti Ẹ̀pẹ́ dé Ìkòròdú àti Makoko. Láti oṣù kẹsàn-án ọdún 2021 ni wọ́n ti ń pò ethanol mọ́ ọ̀pọ̀ bẹntiróòlù ní ilẹ̀ yìí, tó ìdá 10 nínú 100. Ọtí ni, ó ń fa omi mọ́ra; bí omi bá pọ̀ jù, àwọn méjèèjì á ya kúrò lára epo, wọ́n á sì rì sí ìsàlẹ̀ kabúrétọ̀. A fi omi mímọ́ ṣan inú ẹ́ńjìnnì náà, a yọ okùn epo, a jẹ́ kí ó jó epo inú rẹ̀ tán títí ó fi kú fúnra rẹ̀. A tú púlọ́ọ̀gì, a fín ọ́ìlì ìtọ́jú sínú sìlíńdà, a sì fi ọwọ́ fà á yí díẹ̀. Ọ́ìlì jíà ìsàlẹ̀ tí ó bá funfun bí ọ̀gì túmọ̀ sí pé omi ti wọlé. Ti ẹ̀gbọ́n dúdú, a dúpẹ́. Òró ni kí ẹ gbé e dúró, kí omi inú rẹ̀ lè ṣàn jáde. Ẹ má gbé e wọ yàrá họ́sítẹ́ẹ̀lì, nítorí epo tí ó kù lára rẹ̀.

Ọ̀rọ̀ kan wà tí kì í ṣe ti ẹ́ńjìnnì ṣùgbọ́n tí kò ṣe é fò. Òtútù lè mú kí ènìyàn ti gbogbo ilẹ̀kùn ọkọ̀ pa nígbà tí ẹ́ńjìnnì ń ṣiṣẹ́, tàbí kí ó gbé èédú gbígbóná wọlé. Èéfín kan wà níbẹ̀ tí kò ní òórùn, tí a kò lè fi ojú rí, ó sì ń pa ènìyàn láti ojú oorun. Gbogbo ilẹ̀kùn ni a ṣí sílẹ̀, a sì gbọ̀n títí iṣẹ́ fi parí.

Ẹni tí ń ka òfin nínú wa ni ó rán wa létí ìwé abánigbófò. Púpọ̀ nínú wọn kì í san owó ìbàjẹ́ tí yìnyín bá ṣe bí olówó ọkọ̀ kò bá lè fi hàn pé òun tọ́jú ẹ́ńjìnnì. A kọ ọjọ́ àti gbogbo ohun tí a ṣe sílẹ̀, a ya àwòrán, a sì so rìsíìtì gbogbo pọ̀ mọ́ ọn. Gbogbo ọjà tí a rà kò tó ìdá mẹ́rin iye tí wọ́n dá lé ẹ̀gbọ́n.

Bí oṣù kẹta bá dé, ẹ má kánjú. Ẹ yọ àkísà kúrò kí ẹ tó fọwọ́ kan kọ́kọ́rọ́, ẹ dá impeller padà, ẹ da bátìrì padà, ẹ so họ́ọ̀sì, ẹ ṣí táàpù ìsàlẹ̀, kí ẹ sì wo gbogbo ojú ìsopọ̀ bóyá omi ń jò. Ìgbà náà ni kí ẹ tan án, kí ẹnì kan sì lọ dúró sí ẹ̀yìn. Bí omi kò bá tu jáde ní ẹnu sàlẹ́ńsà láàárín ìṣẹ́jú kan, ẹ pa á kíákíá. Pọ́ńpù ọ́ìlì ọlọ́wọ́ tí a rà ti di ohun ìní ẹgbẹ́. Ọwọ́ akápò ni ó wà, ẹnikẹ́ni tí ó bá sì fẹ́ yá a, kí ó fọ̀ ọ́ kí ó tó dá a padà.